Kíkọ́ Ayé Tuntun fún Fíìmù Àròsọ Sáyẹ́ǹsì ní Ìkòròdú

Kí ẹni tó fẹ́ ya fíìmù àròsọ sáyẹ́ǹsì tó gbé kámẹ́rà, kí ó kọ́kọ́ wá òfin kan ṣoṣo tí yóò ya ayé inú fíìmù rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ayé tí a wà yìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ya fíìmù ní Ìkòròdú báyìí, láti Sábó títí dé Ìgbógbó, ló ní fóònù tó dára, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń to àwòrán pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá wo iṣẹ́ wọn, a ó rí ọkọ̀ tó ń fò, a ó rí ìlú tó ń dán yanran, a ó rí iná aláwọ̀ búlúù tó ń jáde lọ́wọ́ ènìyàn, síbẹ̀ a kò ní lè sọ ohun tó ń gbé ọkọ̀ náà dúró lófuurufú tàbí ẹni tó ń sanwó iná ìlú náà. Ẹnu á yà wá fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà á sú wa, nítorí pé ohun tí kò ní òfin kò lè ní ewu, ohun tí kò sì ní ewu kò lè di ìtàn.

Àìrówó kọ́ ni ìṣòro náà. Ní ọdún 2020, àwọn ọmọ Ikorodu Bois fi ohun èlò inú ilé ya ìpolówó fíìmù ńlá Amẹ́ríkà kan ní àyàtúnyà, àwọn tó ṣe fíìmù náà gan-an rí i, wọ́n sì kan sáárá sí wọn. Wọ́n jẹ́ ká mọ̀ pé ojú tó mọ nǹkan wò àti ọwọ́ tó mọ nǹkan ṣe wà nílùú wa. Ohun tí mo fẹ́ kí a fi kún un ni ayé tí a fi ọwọ́ ara wa dá láti ìpìlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ẹgbin ṣe àpẹẹrẹ. Ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tó wà létí ọ̀sà níbẹ̀ ní ẹ̀rọ mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n ṣe láti pèsè mẹ́gáwáàtì 220, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,320. Wáyà ni gbogbo iná yìí ń gbà jáde. Ká wá ní, ní ọdún 2095, wáyà ti di ohun àtijọ́, òpó gíga kan ló wà ní Ẹgbin tó ń ta iná káàkiri nínú afẹ́fẹ́. Òfin wa nìyẹn, ó sì ní gbòǹgbò nínú ìmọ̀. Nikola Tesla, onímọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òpó tó ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1901, ṣùgbọ́n owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì wó o palẹ̀ ní ọdún 1917. Ní ọdún 1975, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Goldstone, ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà, fi ìgbì àìrí tó jọ èyí tó ń gbé ìpè fóònù wa ta iná tó ju kílówáàtì 30 lọ dé ibi tó jìnnà tó kìlómítà kan àbọ̀. Ọ̀nà tààrà ni irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ń tọ̀, kì í yà bàrá lọ bá ẹni tó fara pamọ́. Nítorí náà, ibi tí òpó bá rí gbangba nìkan ni iná máa dé, òkùnkùn sì ni ti ẹni tó bá wà lẹ́yìn ògiri.

Ààlà yìí ni kí ẹ dì mú. Òfin tó ń fún gbogbo ènìyàn ní gbogbo nǹkan kò wúlò fún oníṣẹ́ fíìmù, èyí tó ń fún ẹnì kan tó sì ń fi du ẹnì kejì ni ìtàn ń gbé inú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìwé, kí ẹ sì tẹ̀lé òfin náà láti ojúde wọ ìdáná, láti ìdáná wọ yàrá. Ta ló ń jẹ èrè rẹ̀? Ta ni oúnjẹ bọ́ lẹ́nu rẹ̀? Ẹni tó ń ta bẹntiróòlù létí títì kò níṣẹ́ mọ́, ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe náà ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà ti di olówó òjijì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń ga sí i lọ́dọọdún kí òrùlé lè rí òpó, bí ilé ọlọ́rọ̀ kan bá sì ti ga, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti bọ́ sínú òkùnkùn nìyẹn, tí ó fi jẹ́ pé ẹjọ́ tó pọ̀ jù ní kóòtù ìbílẹ̀ ni ẹjọ́ òjìji. Àwọn ọlọ́jà ń gbé àwọ̀n onírin sórí igi gígùn láti fi gba iná, bí ẹní ṣí agbòòrùn. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún 2085 kò gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ rí, àfi bí ó bá ṣèèṣì rìn dé àdúgbò tó wà lábẹ́ òjìji. Ẹni tó ń wá ilé fún ìgbéyàwó kò béèrè omi mọ́, ohun tó ń béèrè ni pé, "Ṣé ẹ ń rí òpó látibẹ̀?" Bí ẹ bá kọ ogún irú nǹkan báyìí sílẹ̀, mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni kí ẹ jẹ́ kí a rí lójú àwòrán. Àwọn yòókù á máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, nítorí òṣèré tó mọ̀ wọ́n yóò mọ ibi tí yóò yà sí nígbà tó bá ń rìn, olùwòran yóò sì rí i lára ìrìn rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé.

Wanuri Kahiu, ọmọ Kẹ́ńyà, fi irú ọgbọ́n yìí ṣe fíìmù kúkúrú rẹ̀ tó ń jẹ́ Pumzi ní ọdún 2009. Òfin tirẹ̀ ni pé omi ti wọ́n láyé bí ojú. Aṣálẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a kò lè gbàgbé ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń gba òógùn àti ìtọ̀ ara wọn jọ kí wọ́n lè tún un ṣe di omi mímu. Ó tẹ̀lé òfin rẹ̀ dé orí awọ ara. Mo gbà pé ẹ̀kọ́ tó wà nínú ohun kékeré yẹn ju èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ fíìmù olówó gọbọi lọ.

Bí òfin bá ti dúró, ohun èlò kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣe, ohun tí gbogbo ènìyàn ayé náà ń lò lójoojúmọ́. Nínú ayé wa yìí, àwọ̀n tó ń gba iná ni. Ẹ wá agbòòrùn tó ti bàjẹ́, ẹ tú aṣọ ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi egungun rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ra àwọ̀n àlòkù lọ́wọ́ apẹja ní Bàyékù, èyí tó ti pọ́n lójú tó sì ti ní àmì ibi tí wọ́n ti dí i, kí ẹ nà án bo egungun agbòòrùn náà. Ẹ tú wáyà bàbà láti inú mọ́tò fáànù tó ti jó, kí ẹ hun ún mọ́ ojú àwọ̀n láti àárín lọ sí etí, ní ìlà tó ń yí po. Ní ìdí ọ̀pá, níbi tí ọwọ́ ń dì mú, ẹ we àjákù ańkárá mọ́ ọn, nítorí pé nínú ayé náà irin yìí máa ń gbóná, kò sì sí ìyá ọlọ́jà kan tí yóò jẹ́ kí irin jó òun lọ́wọ́ fún ogún ọdún láì wá nǹkan wé e. Ẹ po yẹ̀pẹ̀ pupa mọ́ omi àti gọ́ọ̀mù díẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó ti gbó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn oríkèé ibi tí ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí, kí ẹ sì fi aṣọ nu ibi tí ọwọ́ máa ń kàn títí yóò fi dán. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kọ pátákó ìpolówó kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí ara ọ̀pá náà, nítorí ohun tó bá níye lórí ní ọjà wa kì í ṣàì ní orúkọ. Bí ẹ bá ti ṣe ọ̀kan dáadáa báyìí, ẹ ṣe mọ́kànlá mìíràn, kí ẹ má sì jẹ́ kí méjì jọra: kí ti olówó ní wáyà tó ń dán, kí ti tálákà ní ọ̀rá lórí ihò rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àwọn ọkọ̀ òfurufú kéékèèké fún fíìmù Star Wars tó jáde ní ọdún 1977, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ogun àti ọkọ̀ òfurufú ìṣeré ni wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n sì kùn wọ́n bí ohun tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ojú ènìyàn máa ń gba ohun tó ti gbó gbọ́ ju ohun tuntun lọ. Ní Ìkòròdú, ẹ̀yà rédíò tó ti kú, rìmóòtù, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ bá wọn ná an, wọn kò ní ta á wọ́n.

Wàyí o, a dé orí òpó Ẹgbin fúnra rẹ̀, ohun tó gbọ́dọ̀ tóbi débi pé àyà olùwòran yóò já. Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà tó lágbára, ẹ lè kọ́ ọ nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòrán ohun tí kò sí, ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ń ya fíìmù lágbàáyé sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí, tàbí tí iná kò bá dúró, ohun tí ẹ fi ọwọ́ ṣe tí ẹ sì gbé síwájú kámẹ́rà yóò ṣe iṣẹ́ náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ jù, nítorí pé òòrùn tó ń tàn sí òṣèré lára ni yóò tàn sí i lára pẹ̀lú. Georges Méliès, ará Faransé, fi aṣọ àyàkùn àti ohun àfọwọ́ṣe rán ènìyàn lọ sí òṣùpá nínú fíìmù ní ọdún 1902. Ní Jámánì, nínú fíìmù Metropolis tó jáde ní ọdún 1927, Fritz Lang tó darí rẹ̀ lo ọgbọ́n dígí tí Eugen Schüfftan dá sílẹ̀: wọ́n gbé dígí kalẹ̀ ní ìdagun níwájú kámẹ́rà, wọ́n ha ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò ní apá kan, tí ilé kékeré àfọwọ́ṣe fi ń hàn nínú dígí, tí òṣèré gidi sì ń hàn gba ibi tí wọ́n ha.

Tiwa rọrùn ju ìyẹn lọ. Ká ní gíga òpó náà nínú ìtàn jẹ́ mítà 200, ẹ fi ọparun, wáyà kẹ̀kẹ́ àti páálí ṣe èyí tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá gbé e sí mítà 3 síwájú kámẹ́rà, yóò hàn bí òpó gidi tó wà ní mítà 300. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń kùnà ni ìdí rẹ̀. Bí lẹ́ńsì yín bá wà ní mítà kan àbọ̀ sí ilẹ̀, bí ojú ènìyàn tó dúró, ìdí òpó kékeré náà gbọ́dọ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ péré nísàlẹ̀ ojú lẹ́ńsì, lórí tábìlì gíga tí kámẹ́rà kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó lè bá ìlà omi tó wà lọ́hùn-ún mu. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀, òpó á máa léfòó, bí ó bá sì relẹ̀ jù, á dà bí ẹni pé ó rì. Kí òṣèré dúró ní ẹ̀gbẹ́ òpó nínú àwòrán, kí ó má sì gba iwájú rẹ̀ kọjá láé, nítorí pé òpó ló sún mọ́ kámẹ́rà jù, òun ni yóò bo òṣèré, irọ́ á sì tú. Kámẹ́rà fóònù wúlò gan-an níhìn-ín, nítorí ó máa ń mú ohun tó wà nítòsí àti ohun tó jìnnà mọ́lẹ̀ kedere pa pọ̀.

Ẹ kun òpó náà ní àwọ̀ tó ti ṣí díẹ̀, tó fara jọ eérú àti búlúù, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń pa àwọ̀ ohun tó jìnnà. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ìkùukùu eruku á bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹ so òpó náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú okùn tín-ín-rín, nítorí bí atẹ́gùn ọ̀sà bá fi mì pẹ́rẹ́, olùwòran á mọ̀ pé ohun ìṣeré ni.

Ohun tó bá ń ṣubú tàbí tó ń mì lára ohun kékeré ní ìṣirò tirẹ̀, nítorí ohun ńlá máa ń pẹ́ kí ó tó ṣubú dé ilẹ̀, ohun kékeré á sì ti balẹ̀ kí a tó ṣẹ́jú. Ẹ wo iye ìgbà tí ohun gidi fi tóbi ju tiyín lọ, kí ẹ wá nọ́ńbà tí a ó fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kí ó tó jẹ́ iye náà, kí ẹ sì fi nọ́ńbà yẹn sọ 24, iye àwòrán tí fíìmù máa ń fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, di púpọ̀. Fún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, 10 ni nọ́ńbà náà, ẹ ó sì ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ tó fi 24 hàn án. Fún ìdá kan nínú 25, 120 ti tó. Ọ̀pọ̀ fóònù ló lè ya 120, àwọn mìíràn sì lè ya 240. Omi àti iná tó ń jó nìkan ni kò gba ìṣirò yìí dáadáa, nítorí ẹ̀kán omi kò ní kéré torí pé òpó kéré. Bí ìtàn bá fẹ́ kí omi bo ìdí òpó, ìdí náà nìkan ni kí ẹ tún kọ́ ní ìwọ̀n tó tóbi gan-an.

Ní ti ọ̀pọ̀ èrò, ẹ má ṣe pe gbogbo àdúgbò. Àwòrán tó lágbára jù nínú ayé wa yìí, lójú tèmi, ni ti owúrọ̀ ní ọjà, ní aago mẹ́fà tí òpó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí àìmọye àwọ̀n yóò yí lẹ́ẹ̀kan náà kọjú sí ọ̀sà. Ènìyàn méjìlá àti àwọ̀n méjìlá ló ń ṣe é. Ẹ de fóònù mọ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ ti ìmọ́lẹ̀ àti fókọ́ọ̀sì rẹ̀ pa kí ó má bàa yí ara rẹ̀ padà, ẹ ya àwọn méjìlá náà ní apá òsì, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ gèlè àti fìlà, kí wọ́n wá sí àárín, lẹ́yìn náà sí apá ọ̀tún, lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ sẹ́yìn pátápátá, kí wọ́n sì tún ṣe apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀. Bí ẹ bá to ìpele mẹ́fà pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ẹ ti ní ènìyàn 72. Kí ẹ yára, kí òòrùn tó yí òjìji padà. Ibi tí ìpele méjì ti pàdé ni ojú lè tú yín fó, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ohun kan ṣẹlẹ̀ ní apá kejì ní àkókò yẹn, kí ọmọdé sáré kọjá tàbí kí abọ́ já. Àwọn eégún onídán ti mọ èyí ṣáájú kámẹ́rà: nígbà tí wọ́n bá fẹ́ di ọ̀nì tàbí erè lójú agbo ní ọ̀sán gangan, aṣọ ni wọ́n ń yí, ìlù ló sì ń gbé ojú àwọn èrò kúrò níbi tí aṣọ ti ń yí.

Ẹ má ṣe fi òpó náà hàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú Jurassic Park, tó jáde ní ọdún 1993, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni àwòrán ẹranko tí kọ̀ǹpútà ṣe nínú fíìmù tó lé ní wákàtí méjì, omi tó ń mì nínú ife ló sì kọ́kọ́ sọ fún wa pé ohun ńlá kan ń bọ̀. Kí a kọ́kọ́ rí òjìji òpó lórí òrùlé páànù, kí a rí ìyá kan tó ń wá ibi tí àwọ̀n rẹ̀ yóò ti gba iná, kí ìdá kan nínú mẹ́rin fíìmù tó lọ kí a tó rí òpó lódindi. Nígbà tí a bá sì rí i, kí ènìyàn wà nínú àwòrán kan náà, nítorí ara ènìyàn nìkan ni olùwòran fi ń wọn bí nǹkan ṣe tóbi tó.

Ìró ń kọ́ ayé ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, ó sì rọ owó lọ́rùn. Ben Burtt, tó ṣe ìró fún Star Wars, mú kíkùn mọ́tò ẹ̀rọ tó ń ṣàfihàn fíìmù, ó pò ó mọ́ ariwo tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ń ṣe nínú gbohùngbohùn, ó sì fi ṣe ìró idà iná. Ẹ lọ gba ohùn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ní ọjà sílẹ̀, ẹ dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì, ohùn náà á sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi dà bí ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ìyẹn lè jẹ́ ohùn òpó. Kí ó máa dún wẹ́wẹ́ ní gbogbo ibi tí iná bá dé, kí ó sì dákẹ́ lójijì nígbà tí òṣèré bá wọ inú òjìji. Olùwòran á ti mọ òfin náà ní etí kí ojú rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà kò gbọdọ̀ dà bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹni tó ń ṣàlàyé iná fún aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ta tòmátò yóò sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Ìyá Ṣadé, ẹ sún àwọ̀n yín sẹ́yìn díẹ̀, òjìji yín ti pa iná mi." Ìyá Ṣadé á dáhùn pé, "Ọmọ mi, gbé tìẹ sókè, igi tìẹ ló kúrú." Nínú gbólóhùn méjì yìí, òfin, owó àti ìjà ti jáde, ẹnikẹ́ni kò sì pe orúkọ sáyẹ́ǹsì.

Kí ẹ tó jáde lọ yàwòrán, ẹ gba àṣẹ. Ẹ má ṣe gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọgbà ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná gidi, nítorí ibi tí ìjọba ń ṣọ́ ni, etí omi mìíràn tó jìnnà sí i yóò ṣe yín lóore kan náà. Dúróònù nílò àṣẹ láti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn lórí Ààbò Orílẹ̀-èdè. Ẹ bá baálẹ̀ tàbí ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí Orò máa jáde, kí ẹ má bàa pe àwọn òṣèrébìnrin sí ìta ní ọjọ́ tí kò yẹ. Bí ẹ bá máa wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò, kí gbogbo yín wọ jákẹ́ẹ̀tì ààbò, títí kan ẹni tí kò hàn nínú àwòrán.

Ẹ fi ìṣẹ́jú kan nínú àwòrán tí ẹ kọ́kọ́ yà han ẹni tí kò gbọ́ ìtàn náà rí, kí ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ má sì sọ nǹkan kan fún un. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tí àwọn ọlọ́jà fi gbé àwọ̀n sókè, àti ẹni tí ìyà ń jẹ jù níbẹ̀. Bí ó bá dáhùn méjèèjì, ẹ máa ya ìyókù lọ. Bí ó bá kàn ní òpó náà rẹwà, ẹ padà sí ọjà, kí ẹ tún ìran ọ̀dọ́mọbìnrin tí òjìji pa iná rẹ̀ yà, kí ẹ sún kámẹ́rà mọ́ ọwọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń gbìyànjú láti na igi rẹ̀ ga sí i.